Sísanra Láìfura: Bí Ìwọ̀n Ara Ṣe Ń Yọ́ Gòkè

Àgbàlagbà tó ń sanra kì í sábà sanra lójijì. Ohun tó ń kún un lọ́dún kan lè máà ju ìdajì kílò sí kílò kan lọ. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá ti ọmọ ọdún 25 bẹ̀rẹ̀, yóò ti fi kílò 10 sí 20 wúwo ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tó bá fi pé ọmọ ọdún 45, kò sì ní lè tọ́ka sí ọjọ́ kan tàbí àsè kan pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùwádìí Yunifásítì Harvard tẹ èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2011 lórí àwọn ará Amẹ́ríkà 120,877, tí wọ́n jẹ́ nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera mìíràn. Láàárín ọdún mẹ́rin-mẹ́rin, bíi kílò kan àtààbọ̀ ló ń kún wọn. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, tí òṣùwọ̀n kò jìnnà sí wọn, náà ń sanra díẹ̀díẹ̀ bíi ti gbogbo ènìyàn.

Ní Nàìjíríà, ìwádìí ìjọba lórí iye ènìyàn àti ìlera, tí wọ́n máa ń ṣe ní ọdún márùn-ún-márùn-ún, ń wọn àwọn obìnrin tó wà láàárín ọdún 15 sí 49. Ní 2008, 22 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ìwọ̀n ara wọn ti kọjá ààlà. Ní 2013, ó ti di 25. Ní 2018, ó di 28. Ẹnì kọ̀ọ̀kan kọ́ ló ń sanra díẹ̀díẹ̀ nìkan. Orílẹ̀-èdè lódindi ń rin ọ̀nà kan náà.

Àdúgbò bíi Shasha, ní ìjọba ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ ní Èkó, jẹ́ ibi tí ènìyàn ti lè rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣẹlẹ̀. Alímọ̀ṣọ́ ni èrò pọ̀ sí jùlọ nínú gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ Èkó nígbà ìkànìyàn 2006: ènìyàn 1,277,714. Ibi tí ènìyàn ń gbé ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ará ibẹ̀ wà lọ́nà jíjìn. Àwọn tí ara wọn ń wúwo níbẹ̀ kì í ṣe olówó tó ń jẹ àjẹkì. Oníṣòwò, awakọ̀, tíṣà àti akọ̀wé ni wọ́n, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ àṣìṣe ńlá láti máa fi wọ̀bìà tàbí ọ̀lẹ pe gbogbo ẹni tó bá sanra.

Ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀

Kálórì ni wọ́n fi ń wọn agbára tó wà nínú oúnjẹ. Gíráàmù kan ṣúgà tàbí gàrí ní bíi kálórì 4. Gíráàmù kan òróró tàbí epo pupa ní 9, tó ju ìlọ́po méjì lọ. Èyí tí ara kò bá lò, ara kì í dà á nù. Ó ń sọ ọ́ di ọ̀rá, ó sì ń kó o pamọ́ sábẹ́ awọ àti sínú ikùn. Kílò kan ọ̀rá ara tó bíi kálórì 7,700. Bí a bá pín èyí sí ọjọ́ 365, kálórì 21 ni yóò kan ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ṣúgà tí kò tó ṣíbí tíì kan àtààbọ̀. Kò sí ahọ́n tó lè mọ ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ikùn tó lè tìtorí rẹ̀ sọ pé òun ti yó jù.

Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí nìkan lè ṣini lọ́nà, nítorí pé bí ara bá ṣe ń wúwo sí i ni agbára tó ń ná láti gbé ara rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Ní 2011, olùwádìí Kevin Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò tó gba èyí rò. Wọ́n rí i pé bí àgbàlagbà bá fi bíi kálórì 24 kún oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tí kò sì dín in kù mọ́, kílò kan ni yóò fi wúwo sí i níkẹyìn. Ìdajì rẹ̀ yóò dé láàárín ọdún kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀ ni yóò ti dé bí ọdún mẹ́ta bá pé. Lẹ́yìn náà, ara yóò dúró síbẹ̀.

Ẹ wo mínírà oníke 50 cl. Ṣúgà inú ọ̀pọ̀ wọn tó bíi gíráàmù 10 sí 11 nínú mílílítà 100, tó túmọ̀ sí pé ike kan ní bíi kálórì 210. Ẹni tí kì í mu ún tẹ́lẹ̀, tó wá ń mu ọ̀kan lójoojúmọ́ láìdín oúnjẹ mìíràn kù, lè fi bíi kílò mẹ́rin sanra lọ́dún àkọ́kọ́, kí ó sì tó bíi mẹ́jọ lẹ́yìn ọdún mẹ́ta. Nígbà tí kílò kẹjọ bá fi dé, mímu mínírà ti di ohun àtijọ́ lójú rẹ̀. “Èmi kò yí oúnjẹ mi padà,” ni yóò máa sọ, òtítọ́ ni yóò sì máa sọ, nítorí pé ìyípadà náà ti pé ọdún mẹ́ta.

Níbí ni ohun tó ṣe pàtàkì jùlọ nínú ọ̀rọ̀ yìí wà. Ìsanra àgbàlagbà ń gùn ní ìpele-ìpele, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní ìyípadà kékeré kan nínú ìgbé ayé tó bí i. Iṣẹ́ tuntun tó jìnnà sílé ń mú oúnjẹ ojú ọ̀nà wá. Ìgbéyàwó ń mú oúnjẹ alẹ́ tó pé wá. Ọmọ ń mú àjẹkù rẹ̀ wá, tí ìyá kò fẹ́ dànù. Mọ́tò tí wọ́n rà ń mú ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú kílò méjì, mẹ́ta tirẹ̀ dání, ara sì ń sinmi lé ìwọ̀n tuntun náà títí ìyípadà mìíràn yóò fi dé.

Ara fúnra rẹ̀ kì í sì í figbe ta. Ọ̀rá ń rán họ́mọ̀nù kan tí wọ́n ń pè ní leptin lọ sí ọpọlọ láti sọ iye rẹ̀. Ilé ìwádìí Jeffrey Friedman ní Yunifásítì Rockefeller, New York, ló rí i ní 1994. Bí leptin bá dín kù, ebi ń pani kíkankíkan, ara sì ń ṣọ́ agbára ná. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ sí i, ọpọlọ kì í fi bẹ́ẹ̀ kọbi ara sí i. Lọ́wọ́ ìyàn ni ara ènìyàn ti mọ̀ ọ́n dáàbò bo ara rẹ̀ jùlọ.

Ìgbò-Ọrà àti Maywood

Bí ènìyàn bá béèrè ní Èkó pé kí ló ń mú wọn sanra, ìjókòó ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ: ìjókòó nínú ọkọ̀, ìjókòó ní ṣọ́ọ̀bù, ìjókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n. Ìwádìí kan tó kan ilẹ̀ Yorùbá gan-an ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, èsì rẹ̀ sì ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ni Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Loyola, Chicago, pẹ̀lú àwọn onímọ̀ ìṣègùn Ìbàdàn bíi Babatunde Osotimehin, ti ń fi àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wéra. Wọ́n wọn àwọn ará Ìgbò-Ọrà àti Ìbàdàn, àwọn ará Kamẹrúùnù, àwọn ará erékùṣù Kàríbíánì, àti àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé Maywood lẹ́bàá Chicago. Bí wọ́n ṣe ń kọjá òkun ni ìwọ̀n ara ń ga sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára 16 nínú ọgọ́rùn-ún ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, 26 ní Kàríbíánì, 33 ní Maywood. Ìtọ̀ ṣúgà jẹ́ 2 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà, 9 ní Kàríbíánì, 11 ní Amẹ́ríkà. Orísun kan náà ni gbogbo wọn. Ibi tí wọ́n ń gbé ló yàtọ̀.

Lẹ́yìn náà ni Amy Luke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá wọn agbára tí ara ń ná. Wọ́n fún àwọn obìnrin ní omi kan mu tí èròjà inú rẹ̀ ní àmì tí a lè tọpa nínú ìtọ̀. Bí àmì náà ṣe ń kúrò lára ló ń fi agbára tí ara ń jó hàn, kò sí irọ́ níbẹ̀, kò sì sí ìgbàgbé. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń retí ni pé obìnrin Ìgbò-Ọrà, tó ń rìn, tó ń ru ẹrù, yóò máa jó agbára ju obìnrin Maywood lọ dáadáa. Nígbà tí wọ́n yọ ìyàtọ̀ ìwọ̀n ara kúrò, kò sí ìyàtọ̀ gidi láàárín wọn. Nígbà tí wọ́n sì tẹ̀ lé wọn fún ọdún mélòó kan, agbára tí obìnrin kan ń ná kò sọ bóyá yóò sanra tàbí kò ní sanra, ìbáà ṣe ní Nàìjíríà, ìbáà ṣe ní Amẹ́ríkà.

Èyí kò sọ ìrìn di ohun tí kò wúlò. Ìrìn ń ran ọkàn lọ́wọ́, ó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ó ń jẹ́ kí iṣan lágbára, kò sì sí oògùn tó lè gba ipò rẹ̀. Ohun tí èsì náà ń sọ ni pé ẹnu ọ̀nà tí kílò ń gbà wọlé jùlọ ni ẹnu. Ẹni tó bá ń fi eré òwúrọ̀ Sátidé san gbèsè oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún yóò máa jẹ gbèsè náà lọ.

Ara kò sì rí bákan náà. Ní 1999, James Levine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic fún ènìyàn 16 ní kálórì 1,000 lé sí oúnjẹ wọn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀rá tó kún ẹnì kan kò tó ìdajì kílò. Ti ẹlòmíràn ju kílò mẹ́rin lọ. Ìyàtọ̀ náà wà nínú bí ara àwọn kan ṣe ń dáhùn fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìdìde, ìjókòó, ìyípo àti ìrìn wẹ́wẹ́wẹ́ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe. Nítorí náà, “àwa méjèèjì la jọ ń jẹun, kò sanra” kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tó sanra ń jẹun ní ìkọ̀kọ̀.

Oúnjẹ tí kì í wọ inú ìṣirò

Ará Shasha tó ń ṣiṣẹ́ ní Apápá tàbí ní Erékùṣù Èkó ní láti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò gbé e láti àdúgbò dé Akowonjo tàbí Ẹ̀gbẹ́dá.  Láti ibẹ̀, dánfó yóò gba Dopemu lọ sí Ìkẹjà tàbí Ọ̀ṣòdì, òmíràn yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí àyè láti gbé omi kaná nílé láago mẹ́rin ààbọ̀ òwúrọ̀. Oúnjẹ àkọ́kọ́ ń bọ́ sí ẹ̀bá ọ̀nà: búrẹ́dì Agége àti ẹ̀wà àgànyìn, àkàrà, bọ́ńsì, pọ́fù-pọ́fù. Bí gosíló bá mú wọn nírọ̀lẹ́, gálà, ìpékeré àti mínírà tútù ló ń sáré tẹ̀ lé fèrèsé ọkọ̀. Oúnjẹ gidi tún ń dúró nílé, láago mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá alẹ́.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ènìyàn máa ń ka ẹ̀bà, àmàlà àti ìrẹsì sí oúnjẹ, kì í ka ohun tó jẹ lọ́nà. Bí a bá bi í pé ẹ̀ẹ̀melòó ló jẹun, yóò ní ẹ̀ẹ̀mejì. Síbẹ̀, èyí tó jẹ láàárín méjèèjì lè tó oúnjẹ kẹta pátápátá. Ohun tí wọ́n dín nínú òróró ń fa òróró mu, ṣíbí òróró ńlá kan ṣoṣo sì tó kálórì 120. Bákan náà ni ọbẹ̀ tí òróró léfòó lójú rẹ̀: òkèlè kò pọ̀ sí i, ẹran kò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n agbára inú abọ́ náà ti yàtọ̀.

Ohun mímu ló tún fara pamọ́ jù. Ní Yunifásítì Purdue, ìwádìí kan tó jáde ní 2000 fún ènìyàn 15 ní kálórì 450 lójúmọ́, nígbà kan gẹ́gẹ́ bíi súìtì tí wọ́n ń jẹ lẹ́nu, nígbà mìíràn gẹ́gẹ́ bíi mínírà. Nígbà tí wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n dín oúnjẹ yòókù kù láìmọ̀. Nígbà tí wọ́n mu ún, wọn kò dín ohunkóhun kù, ìwọ̀n ara wọn sì lọ sókè. Ikùn kì í ka ohun mímu sí oúnjẹ. Bẹ́ẹ̀ ni máltì, tí wọ́n ń fún aláìsàn àti ìyá ọlọ́mọ nítorí pé “ó ń fún ara lókun”, kì í sábà ní agbára tó kéré sí ti mínírà.

Ìgò náà sì ti dàgbà. Ìgò onígíláàsì 35 cl ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ní àwọn ọdún 1990. Ike 50 cl àti 60 cl ló gba ojú ọ̀nà lónìí. Ẹni tó mu ìgò kan nígbà náà mu bíi kálórì 150. Ẹni tó mu ike 60 cl lónìí mu bíi 250. Ọ̀kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì yóò sọ pé àwọn mu. Ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gba owó orí náírà 10 lórí lítà kan ohun mímu oníṣúgà ní 2022, èyí tó jẹ́ náírà 6 lórí ike 60 cl. Ó kéré jù láti dá ọwọ́ ẹnikẹ́ni dúró.

Oúnjẹ inú náílọ́ọ̀nù àti páálí náà wà níbẹ̀. Núdù Indomie wọ Nàìjíríà ní 1988, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é sì dé Ọ̀tà, ìlú tí kò jìnnà sí Alímọ̀ṣọ́, ní àárín àwọn ọdún 1990. Lónìí, ọ̀pọ̀ ọmọ ló mọ̀ ọ́n ju ọ̀lẹ̀lẹ̀ lọ. Ní 2019, Kevin Hall fi ènìyàn 20 sí ilé ìwòsàn ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà fún oṣù kan: ọ̀sẹ̀ méjì oúnjẹ ilé iṣẹ́, ọ̀sẹ̀ méjì oúnjẹ tí wọ́n fi èròjà tútù sè, kí oníkálukú sì jẹ bó ṣe tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nígbà oúnjẹ ilé iṣẹ́, wọ́n jẹ bíi kálórì 500 ju ti ìkejì lọ lójúmọ́, wọ́n sì fi bíi kílò kan sanra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì péré. Oúnjẹ náà rọ̀, ó yá láti jẹ, ó sì ti wọlé kí ọpọlọ tó mọ̀ pé ikùn kún.

Àìsùn náà ní ipa tirẹ̀. Ní 2004, Karine Spiegel àti Eve Van Cauter ní Yunifásítì Chicago jẹ́ kí ọ̀dọ́mọkùnrin 12 sun wákàtí mẹ́rin péré fún òru méjì. Leptin wọn wálẹ̀ ní ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, họ́mọ̀nù tó ń fa ebi gòkè ní ìdá 28, ọkàn wọn sì ń fà sí ohun dídùn àti ohun ìyẹ̀fun. Ẹni tó ń sùn láago mọ́kànlá, tó ń jí láago mẹ́rin, ọdún dé ọdún, kò nílò ilé ìwádìí kankan láti mọ ebi òwúrọ̀ náà.

Aṣọ, télọ̀ àti ẹnu ará àdúgbò

Ìdí tí ojú kì í fi í rí ìyípadà yìí pọ̀. Èyí tó kọ́kọ́ wà ni pé òṣùwọ̀n fúnra rẹ̀ ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́. Omi, iyọ̀, oúnjẹ tí kò tíì kúrò níkùn àti nǹkan oṣù obìnrin lè mú ìwọ̀n yàtọ̀ ní kílò kan sí méjì láàárín ọjọ́ méjì. Ìdajì kílò tó kún lọ́dún kan ti sọnù sáàárín ìyẹn. Ẹni tó bá wọn ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kò lè mọ èyí tó jẹ́ omi àti èyí tó jẹ́ ọ̀rá.

Aṣọ Yorùbá kò ran ènìyàn lọ́wọ́ nínú èyí. Ìró kì í sọ pé ó kéré. Wọn yóò tún un ró ni. Bùbá gba ènìyàn láyè, agbádá àti kaftáànì gbà á ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣòkòtò onírọ́bà ń fà bí wọ́n bá ṣe ń fà á. Ọkùnrin tó wọ ṣòkòtò kóòtù lè rò pé nọ́ńbà òun kò tíì yí padà láti ogún ọdún, kó máà fura pé ìsàlẹ̀ ikùn lòun ń de bẹ́líìtì mọ́ báyìí, pé ikùn ti gba orí rẹ̀ kọjá.

Ẹni tí àkọsílẹ̀ gidi wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni télọ̀. Aṣọ ẹbí kì í tán ní Èkó, gbogbo ìgbà tí wọ́n bá sì lọ rán an ni télọ̀ ń fi téèpù yí àyà, ìbàdí àti ikùn ká, tí ó ń kọ iye ínǹṣì sínú ìwé rẹ̀. Ìwé náà lè ní ìtàn ara obìnrin kan láti ọdún ìgbéyàwó rẹ̀ títí di ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n télọ̀ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fi oníbàárà rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà. Yóò fi àyè sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ aṣọ kí wọ́n lè tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ iwájú. Ìwà rere ni, ó sì ń bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀.

Ẹnu ará àdúgbò ló tẹ̀ lé e. “Ara ẹ ti yọ o!” Ìyìn ni. Ó túmọ̀ sí pé ọkọ ń tọ́jú rẹ̀, ọjà ń tà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ẹni tó bá rù ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè: ṣé kò ṣàìsàn, ṣé owó kò sí nílé ni? Láti ìgbà tí àrùn éèdì ti dé, ìbéèrè náà ti ní oró sí i, àwọn kan sì wà tí wọn kò fẹ́ kí kílò kan dín lára wọn nítorí ohun tí àdúgbò yóò sọ. Ìyìn yìí ti inú ìfẹ́ wá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń yin àmì kan náà tí dókítà ń bẹ̀rù.

Eric Robinson ní Yunifásítì Liverpool ṣàlàyé ìdí mìíràn: ara tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ni ojú ń fi ṣe òdiwọ̀n. Bí ọ̀rẹ́, ọkọ, aya àti aládùúgbò bá jọ ń wúwo sí i, kò sí ẹni tí yóò dá yàtọ̀ láàárín wọn.

Àsìkò àjọ̀dún, ìbímọ àti ọjọ́ orí

Ìsanra ọdún kan kì í pín dọ́gba sáàárín oṣù. Susan Yanovski àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọn àgbàlagbà 195 ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2000. Láti àárín Nọ̀fẹ́ńbà títí di ìbẹ̀rẹ̀ tàbí àárín Jánúárì, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta kílò kan ló kún wọn, èyí sì ju ìdajì ohun tó kún wọn ní gbogbo ọdún lọ. Kò tún kúrò. Ní Èkó, Kérésìmesì, Ọdún Àjíǹde, Iléyá àti òwàńbẹ̀ Sátidé kò jìnnà síra wọn, bẹ́ẹ̀ àsìkò ààwẹ̀ Ràmàdáánì pàápàá ń parí sí oúnjẹ òru tó wúwo nínú ilé púpọ̀.

Ọlọ́mọ tuntun ní ìpele tirẹ̀. Kílò tó kù lára lẹ́yìn oyún kọ̀ọ̀kan ni ìpìlẹ̀ tí oyún tó tẹ̀ lé e ń dúró lé, àti pé ẹ̀kọ, máltì àti oúnjẹ púpọ̀ tí wọ́n fi ń wá omi ọmú ju ohun tí ọmú ń ná lọ nígbà mìíràn. Abẹ́rẹ́ ìfètò sọ́mọ bíbí olóṣù mẹ́ta máa ń mú àwọn obìnrin kan sanra, bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn bíi prednisolone àti dexamethasone, àti insulin. Kì í ṣe ìdí láti dá oògùn dúró láìbi dókítà. Ó jẹ́ ìdí láti béèrè.

Ní ti ọjọ́ orí, ìgbàgbọ́ kan wà pé iná inú ara ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún. Herman Pontzer àti ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó àkọsílẹ̀ ènìyàn tó ju 6,400 lọ jọ láti orílẹ̀-èdè 29, wọ́n sì rí i ní 2021 pé agbára tí ara ń jó, bí a bá gba títóbi rẹ̀ rò, kò yí padà láti ọmọ ogún ọdún títí di ọgọ́ta. Kì í ṣe ogójì ọdún ló mú ikùn wá. Ohun tó ń yí padà ni iṣan, tó máa ń dín kù bí iṣẹ́ tó gba agbára bá ti kúrò lọ́wọ́. Ọ̀rá ń gba ipò rẹ̀, òṣùwọ̀n sì lè máà sọ nǹkan kan.

Téèpù àti okùn

Ọ̀rá tó wà nínú ikùn, tó yí ẹ̀dọ̀ àti ìfun ká, ló léwu ju ti ìbàdí àti itan lọ. Òun ló ń ba iṣẹ́ insulin, họ́mọ̀nù tó ń darí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, jẹ́, tó ń ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti ṣúgà sókè. Nítorí náà, téèpù ìránṣọ ń sọ òótọ́ tí òṣùwọ̀n kò lè sọ. Àárín egungun ìhà tó kẹ́yìn àti orí egungun ìbàdí ni kí wọ́n fi yí ká, lára gan-an, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mí jáde, láìfa ikùn sínú. Ewu bẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 80 fún obìnrin, 94 fún ọkùnrin. Ní 88 àti 102, ó ti ga.

Ẹni tí kò ní téèpù lè gé okùn tó gùn tó bó ṣe ga, kí ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, kí ó fi yí ikùn. Bí orí okùn kò bá kanra, ikùn náà ti ju ìdajì gíga rẹ̀ lọ. Ìlànà ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń lo irú òdiwọ̀n yìí láti 2022.

Ní ti kílò, ẹni tó ga ní mítà 1.65 wọ ìpele ìwúwo tó kọjá ààlà ní kílò 68, ó sì wọ ti ìsanrajù ní bíi 82. Ṣùgbọ́n èyí tó ṣe pàtàkì ju nọ́ńbà kan lọ ni kí nọ́ńbà pọ̀ lórí ìwé. Rena Wing àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ̀ lé ènìyàn 599 tó wà láàárín ọdún 18 sí 35 fún bí ọdún mẹ́ta, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2016. Wọ́n kọ́ àwọn kan láti máa wọn ara wọn déédéé, kí wọ́n máa yọ nǹkan kékeré kúrò nínú oúnjẹ lójúmọ́. Wọ́n ní kí àwọn mìíràn dín oúnjẹ kù dáadáa fún ìgbà díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń yọ nǹkan kékeré fi ju ìdajì kílò fúyẹ́, àwọn yòókù ju kílò méjì lọ. Àwọn tí wọn kò kọ́ ní ohun púpọ̀ fi díẹ̀ wúwo sí i. Kò sí oògùn nínú rẹ̀. Wọ́n ń rí kílò kan kí ó tó di mẹ́wàá.

Ní Shasha, òṣùwọ̀n wà ní ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn àti ibùdó ìlera, ilé ìwòsàn ìjọba tó tóbi sì wà ní Ìgàndò. Àárọ̀ kan náà, irú aṣọ kan náà, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tàbí lóṣù, ti tó. Ohun tó rọrùn jùlọ láti yọ kúrò ni èyí tí wọn kì í kà sí oúnjẹ: kí omi tútù gba ipò mínírà nínú gosíló, kí ẹ̀pà sísun tàbí ọ̀lẹ̀lẹ̀ gba ipò pọ́fù-pọ́fù. Ẹ̀bà àti àmàlà kì í ṣe ọ̀tá.

Ìwúwo tí kì í ṣe ọ̀rá

Kì í ṣe gbogbo kílò tó kún ni ọ̀rá. Bí ẹnì kan bá fi kílò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wúwo láàárín ọjọ́ díẹ̀, omi ni, pàápàá bí ẹsẹ̀ bá wú, tí bàtà ń há, tí ìka sì ń fi ihò sílẹ̀ lára ojúgun lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ọkàn, kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ lè wà nídìí rẹ̀. Aboyún tí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ wú lójijì, tí orí ń fọ́ ọ, gbọ́dọ̀ wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìsanra bá sì wá pẹ̀lú òtútù tí kì í lọ, àárẹ̀, ìgbẹ́ líle àti irun tó ń já, ẹṣẹ́ tó wà nínú ọrùn, èyí tó ń darí bí ara ṣe ń lo agbára, lè máà ṣiṣẹ́ dáadáa. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò fi í hàn, oògùn rẹ̀ sì wà. Ìyàtọ̀ láàárín ìwúwo omi àti ìsanra tí àròkọ yìí dá lé ni àkókò: ti ọ̀rá ń gba oṣù àti ọdún, ti omi ń gba ọjọ́.